Bí ẹ ṣe lè tako owó ìtanràn páàkì tí kò tọ́ ní Àbújá

Ẹni tí wọ́n bá gbé mọ́tò rẹ̀ ní Wuse 2 tàbí ní Area 3, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló sábà máa ń ṣe. Á pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há, tàbí kó ki owó bọ ọwọ́ ẹnì kan lẹ́yìn ọkọ̀ afàmọ́tò, kó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ariwo kì í dá mọ́tò padà. Owó ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń dá a padà, àmọ́ ó ti pa ẹjọ́ náà nìyẹn: owó tí kò ní rìsíìtì, ta lẹ fẹ́ ní kó dá a padà fún yín?

Ẹ kì í jàre ẹjọ́ páàkì kìkì nítorí pé ẹ ṣàlàyé dáadáa pé ẹ ò jẹ̀bi. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń gbà á là: ta ni yín, òfin wo ni, ìwé rẹ̀ dà? Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi ń wá.

Ṣé ẹjọ́ yín tiẹ̀ tó jà?

Ẹ kọ́kọ́ dá ara yín lẹ́jọ́. Bí ẹ bá páàkì sí ìkòríta, sí ẹnu kọ́nà, sórí afárá, sí ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá, sí bọ́sítọ́ọ̀pù, tàbí tí ẹ to mọ́tò yín ṣe ìlà kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn, ẹ san owó náà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ máa lọ. "Mi ò pẹ́ níbẹ̀" kì í ṣe àwíjàre. "Mo tan iná hásáàdì" náà kì í ṣe é.

Àwọn tó yẹ kí ẹ jà fún nìwọ̀nyí: kò sí àmì tó kà páàkì léèwọ̀ níbẹ̀, tàbí ẹ̀ka igi ti bò ó, mọ́tò bàjẹ́ lójú ọ̀nà tí ẹ sì ti gbé C-caution kalẹ̀, ẹ wà nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n so irin mọ́ ọn, iye tí wọ́n ń béèrè yàtọ̀ sí iye tó wà lórí ìwé, nọ́ńbà mọ́tò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiyín, tàbí ẹni tó dá yín dúró kò ní káàdì ìdánimọ̀ kankan.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù tó ní bátìrì, tí aago àti ọjọ́ inú rẹ̀ sì péye.
- Bírò àti ìwé pélébé nínú mọ́tò. Fóònù lè kú.
- Pátíkúlà mọ́tò àti láísẹ́ńsì yín, pẹ̀lú ẹ̀dà wọn.
- Fáìlì kan, kódà kó jẹ́ èyí tó rọrùn jù lọ́jà, tí gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ yìí máa wọ̀.
- Nọ́ńbà 122, ìlà ọ̀fẹ́ FRSC, ìyẹn àwọn Road Safety.

Ìpele 1: Ẹ mọ ẹni tó wà níwájú yín

Aṣọ pọ̀ lójú títì Àbújá. VIO, tí ìwé ìjọba ń pè ní Directorate of Road Traffic Services, wà lábẹ́ FCTA, ìyẹn àwọn tó ń ṣàkóso FCT, olú ọ́físì wọn sì wà ní Mabushi. FRSC jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní FCT náà wà níbẹ̀. AMAC, ọ̀kan nínú wọn, ni àárín ìlú bọ́ sí lọ́wọ́, ó sì ní àwọn tó ń bá a gbowó. Ẹ ò ní ṣàìrí ẹ̀ṣọ́ pílásà àti ti ẹ̀sítéètì tó ń fi irin de táyà. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọn ò ní ju ọkọ̀ afàmọ́tò àti ẹ̀wù aláwọ̀ títàn lọ.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ máa gbé ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Lẹ́tà tó yẹ kó lọ sí Mabushi, tí ẹ gbé lọ fún FRSC, á kàn jókòó sórí tábìlì ni. Bí ẹ bá wà ní Kánò, KAROTA lẹ máa bá pàdé. Ní Kàdúná, KASTLEA. Ìlànà ibí yìí bá wọn mu náà, òfin tí ẹ máa béèrè nìkan ló máa yàtọ̀.

Ẹ má kàn sọ fún ẹni tó ní òun ti AMAC wá pé ìjọba ìbílẹ̀ ò láṣẹ lórí páàkì. Òfin ọdún 1998 tó to owó orí àti owó oríṣiríṣi sílẹ̀ fún ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka owó páàkì tí kò bójú mu mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí òfin yẹn kan náà kọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni dí ojú ọ̀nà torí àtigba owó orí tàbí owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìwé àṣẹ ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀ṣọ́ pílásà ní tirẹ̀ kì í ṣe ìjọba, kò sì lè bu owó ìtanràn ìjọba fún yín. Ọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ni ilẹ̀ ni, ìbéèrè ibẹ̀ sì ni bóyá wọ́n kọ iye àti ìlànà náà síbi tí ojú yín lè tó kí ẹ tó wọlé.

Ẹ kí wọn kí ẹ tó bi wọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá" tàbí "Ranka ya daɗe" kò sọ yín di ẹrú, ó sì máa ń jẹ́ kí etí wọn ṣí. Ẹ wá bèèrè jẹ́jẹ́ pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín, ọ́físì wo lẹ ti wá? Ẹ̀sùn wo lẹ fẹ́ kọ sílẹ̀? Ṣé mo lè rí ìwé rẹ̀?"

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń jẹ́ kí àjèjì wọ mọ́tò wọn "kí a jọ lọ sí ọ́físì". Ẹ má ṣe é. Bí "one chance" ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ta kú pé àfi kí ẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n máa lọ níwájú nínú ọkọ̀ tiwọn, ẹ̀yin á tẹ̀ lé wọn, ó sì di àgọ́ ọlọ́pàá tó bá sún mọ́ jù. Òṣìṣẹ́ gidi ò ní sá fún àgọ́ ọlọ́pàá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé orúkọ ọ́físì wọn, orúkọ ènìyàn kan tàbí nọ́ńbà àyà rẹ̀, àti nọ́ńbà ọkọ̀ afàmọ́tò ti wà nínú ìwé yín? Bí ọkọ̀ yẹn ò bá ní nọ́ńbà rárá, ẹ kọ ìyẹn gan-an sílẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ ya fọ́tò kí ohunkóhun tó kúrò níbi tó wà

Ìpele yìí ló ń pinnu ẹjọ́, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò torí ìbínú. Àárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rí wà. Tí mọ́tò bá ti gbéra, ó di ọ̀rọ̀ "mo sọ, o sọ".

Ẹ jìnnà sẹ́yìn, kí ẹ ya fọ́tò tó fi gbogbo òpópónà hàn, títí kan pátákó ṣọ́ọ̀bù tí yóò jẹ́ kí ènìyàn mọ ibẹ̀. Bí mọ́tò mìíràn bá tò sí ìlà kan náà, kí ó hàn. Ẹ wá sún mọ́ ọn, kí ẹ ya táyà yín àti etí kọ́bù, kí ó lè hàn bóyá ẹ wà lójú ọ̀nà tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ ya ibi tí irin wọn ti kan mọ́tò, àti bọ́ńpà yín, bóyá ó ti fọ́ tàbí kò tíì fọ́.

Fọ́tò kì í fi hàn pé àmì kò sí. Fídíò ló ń fi í hàn. Ẹ rìn padà sí ìkòríta tó bẹ̀rẹ̀ òpópónà náà, ẹ tan fídíò, kí ẹ sọ ọjọ́ àti aago jáde lẹ́nu, kí ẹ wá máa rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láìdá fídíò dúró títí ẹ ó fi dé ẹnu mọ́tò yín. Gbogbo òpó tí ẹ bá kọjá á wà nínú rẹ̀. Bí àmì kan bá wà tí igi bò, ẹ dúró síwájú rẹ̀ níbi tí ojú awakọ̀ ti máa rí i, kì í ṣe lábẹ́ igi. Ohun tí awakọ̀ rí láti orí ìjókòó rẹ̀ ni ẹjọ́ dá lé.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé lórí WhatsApp. Aago ibẹ̀ di ẹlẹ́rìí, bí fóònù bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rí ò bá a lọ.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má fi fóònù sí ojú òṣìṣẹ́ bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Ẹ gbé e sí ìpele àyà, kí ẹ dákẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bárékè tàbí agbègbè Three Arms Zone ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé kámẹ́rà kọjá mọ́tò yín rárá. Ìjọ̀ngbọ̀n tí yóò tibẹ̀ jáde á ju ti páàkì lọ.

Ẹ wo ọ̀tún wo òsì kí ẹ tó lọ. Mai shayi tó ń se tíì àti indomie lábẹ́ igi yẹn, tàbí ẹni tó ń ta káàdì lábẹ́ agbòòrùn, ojoojúmọ́ ló ń wo àwọn wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ ra tíì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í bóyá ó lè fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn kan máa kọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, kí ẹ má fipá mú wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi fọ́tò han ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ má sọ nǹkan kan fún un. Ṣé ó lè sọ ibi tí mọ́tò wà, bí ó ṣe wà, àti bóyá àmì wà níbẹ̀? Bí ó bá ń bi yín ní ìbéèrè, fọ́tò kù.

Ìpele 3: Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì náà dáadáa

Ẹ wá nǹkan wọ̀nyí lórí rẹ̀: orúkọ ọ́físì, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mọ́tò, ibi, ọjọ́ àti aago, ẹ̀sùn, òfin tí ẹ̀sùn náà ti wá, iye owó, orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó kọ ọ́. Èyí tó bá ṣófo tàbí tó ṣì, ẹ fi bírò yí i ká lórí ẹ̀dà tí ẹ bá ṣe, kì í ṣe lórí ojúlówó.

Òfin tí ẹ̀sùn ti wá ló wúwo jù nínú wọn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 36, ẹsẹ̀ 12, sọ pé a ò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ kan àfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti sọ ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ àti ìjìyà rẹ̀. Abala 44 náà kò jẹ́ kí wọ́n kàn gba dúkìá ènìyàn láìgba ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Ní 2014, irú ìbéèrè yìí ni Kóòtù Gíga FCT fi dá ètò páàkì-kí-o-sanwó dúró lójú títì Àbújá: wọ́n ní òfin tó gbé e ró dà? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Adájọ́ Evelyn Maha ti Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ dájọ́ pé kò sí òfin tó fún VIO láṣẹ láti dá mọ́tò dúró, láti gbé e tàbí láti bu owó ìtanràn fún onímọ́tò.

Ẹ má wá mú ìdájọ́ yẹn na òṣìṣẹ́ lójú títì o. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ò ní jókòó bá yín túmọ̀ òfin nínú oòrùn. Inú lẹ́tà ni àyè rẹ̀ wà. VIO ni ìdájọ́ náà sì dá lé, kò kan FRSC tàbí ọlọ́pàá. Kí ẹ tó gbára lé e, kí lọ́yà bá yín wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti FRSC, àkójọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò farasin. Dídí ojú ọ̀nà ní kóòdù tirẹ̀, ROB, ₦3,000 sì ni iye tó wà níwájú rẹ̀ nínú àkójọ náà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Bí ẹnì kan tó wọ aṣọ wọn bá ń béèrè ìlọ́po mẹ́wàá, iye náà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rí yín. Onímọ́tò tó gba tíkẹ́ẹ̀tì FRSC sì lè sọ pé òun ò gbà, kóòtù lòun fẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbìyànjú láti parí gbólóhùn yìí: "Wọ́n ní mo rú òfin báyìí, nítorí pé mo ṣe báyìí, níbi báyìí." Bí tíkẹ́ẹ̀tì ò bá jẹ́ kí ẹ lè parí rẹ̀, ìdí àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà nìyẹn.

Ìpele 4: Mọ́tò ti wà nínú ọgbà wọn. Ṣé kí ẹ san?

Lójú tèmi, ẹ san án, ẹ gbé mọ́tò yín jáde, kí ẹ wá fi ìwé jà. Ọgbà tó ń ka owó ìbùsùn fún mọ́tò lójoojúmọ́ kì í dúró de lẹ́tà. Mọ́tò tó bá sì pẹ́ níbẹ̀, bátìrì á kú, nǹkan inú rẹ̀ lè pòórá. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá san ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá san án láìsọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tí wọ́n ní kí ẹ buwọ́ lù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù yín, pé ẹ san án lábẹ́ àtakò, torí kí ẹ lè gba mọ́tò yín. Bí wọn ò bá jẹ́ kí ẹ kọ ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọ́físì wọn lọ́jọ́ yẹn, lórí ímeèlì tàbí nínú lẹ́tà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ gbà san: àkántì ìjọba, pẹ̀lú RRR, ìyẹn nọ́ńbà ìsanwó ti Remita, tó ní orúkọ ọ́físì náà lórí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkántì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, tàbí kí ẹ lọ fa owó níbi POS tó wà lẹ́nu géètì, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà àkántì náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní RRR. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ọ̀gá wọn yọjú. Ẹ má dùnàádúrà níbẹ̀. Owó tí ẹ bá dùnàádúrà lé lórí kì í ní rìsíìtì, fífi owó lọ òṣìṣẹ́ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́rùn ẹ̀yin fúnra yín.

Kí ẹ tó buwọ́ lù pé ẹ ti gba mọ́tò, ẹ yí i ká. Ẹ wo abẹ́ bọ́ńpà, síkéètì, ibi tí irin ti gbé e. Ẹ ṣí búùtù, ẹ wo táyà àfikún àti jáàkì. Ẹ wo ibi tí rédíò wà. Ohun tó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé wọn kí ẹ tó jáde ní géètì. Lẹ́yìn géètì, wọn ò mọ̀ yín mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé orúkọ tó wà lórí rìsíìtì bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu? Ṣé iye méjèèjì dọ́gba?

Ìpele 5: Lẹ́tà

Ẹ kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí ìyẹn ni ọ́físì ìjọba ń fi pamọ́. Ojú ewé kan tó. Ẹ darí rẹ̀ sí olórí ibẹ̀: Director fún VIO, Sector Commander fún FRSC, Chairman fún ìjọba ìbílẹ̀.

Ìpínrọ̀ kìíní, ohun tó ṣẹlẹ̀, láìfi ìbínú sí i: ọjọ́, aago, ibi, nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹ san, RRR. Ìpínrọ̀ kejì ni ìdí yín, kó má ju mẹ́ta lọ, kí ìdí kọ̀ọ̀kan sì tọ́ka sí ẹ̀rí rẹ̀. Ó yẹ kó rí báyìí létí ẹni tó ń kà á: "Kò sí àmì kankan láti ìkòríta títí dé ibi tí mo páàkì sí, ẹ wo fídíò àti fọ́tò kejì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi kò dárúkọ òfin kankan. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí." Ìpínrọ̀ kẹta ni ohun tí ẹ ń béèrè: kí wọ́n fagi lé ìtanràn náà, kí wọ́n dá iye báyìí padà sí àkántì báyìí. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀: ìyá yín tó ń ṣàìsàn, pásítọ̀ tó ń dúró dè yín, àti ẹ̀gbọ́n yín tó mọ ẹnì kan ní Villa. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ń wá ibi tí yóò ti kọ̀ ọ́ ni. Gbólóhùn tí kò ní ẹ̀rí ni ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ fúnra yín. Ẹ̀dà kan fún wọn, èkejì kí wọ́n lu sítáǹpù lé, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Akọ̀wé á ní "ẹ fi sílẹ̀, a máa pè yín". Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jókòó. Lẹ́tà tí kò ní sítáǹpù lórí ẹ̀dà yín, ẹ ò tíì kọ ọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Sítáǹpù, ọjọ́, orúkọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pé.

Ìpele 6: Bí wọ́n bá dákẹ́

Ìdákẹ́jẹ́ ni èsì tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ rí gbà. Òfin Freedom of Information (FOI) ti ọdún 2011, tó jẹ́ kí aráàlú lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́físì ìjọba, wúlò níbí. Ẹ kọ lẹ́tà kejì lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè mẹ́ta péré: òfin tàbí ìlànà tí wọ́n fi bu owó náà, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yín, àti ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn fa mọ́tò, bí ó bá wà. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Mo ti rí i pé ọ́físì tí kò ka lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ máa ń ka ti FOI, torí pé ó máa ń gba ọ̀dọ̀ lọ́yà wọn kọjá.

Bí ìyẹn náà ò bá so èso, ẹ gbé fáìlì yín lọ sí Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú. Láti 1975 ni wọ́n ti wà. Maitama ni olú ọ́físì wọn, wọ́n ní ọ́físì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì gba kọ́bọ̀. Àwọn á kọ̀wé sí ọ́físì náà, ọ̀rọ̀ á sì kúrò ní ti onímọ́tò kan lásán. SERVICOM wà fún ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Bí wọ́n bá béèrè àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ yín tí ẹ sì ní ẹ̀rí, ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ bá, lọ́tọ̀. Ẹ má po ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ ti páàkì nínú ìwé kan náà.

Ìpele 7: Kóòtù

Bí wọ́n bá gbé yín dé kóòtù alágbèéká lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnì kan á sọ sí yín létí pé kí ẹ kàn ní ẹ jẹ̀bi kó lè yá. Bí ẹ ò bá jẹ̀bi, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè láti pe lọ́yà. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ abala 36. Ẹni tó bá ti gbà pé òun jẹ̀bi ní kóòtù, gbogbo ìpele tó wà lókè yìí ò lè ṣe púpọ̀ fún un mọ́.

Ní ti pé kí ẹ̀yin pe wọ́n lẹ́jọ́, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò ìyẹn. Owó lọ́yà á ju owó ìtanràn lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ba mọ́tò jẹ́, bí wọ́n bá tì yín mọ́lé, tàbí bí mọ́tò náà bá jẹ́ ohun tí ẹ fi ń jẹun tí wọ́n sì dì í mú fún ọjọ́ púpọ̀. Ìgbà yẹn, ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, lábẹ́ ìlànà kóòtù ti ọdún 2009, ni lọ́yà sábà máa ń gbà lọ, torí pé ó yára ju ẹjọ́ mìíràn lọ. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré lè lọ sí Legal Aid Council. Ẹ kó fáìlì náà dání bó ṣe wà, kí ẹ tò ó bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ fi fídíò sórí fíláàṣì, torí lọ́yà tó bá ní láti máa wá a nínú WhatsApp yín á kà á sí iṣẹ́ lọ́tọ̀.